Ọ̀pá Ìbọn Yín Kò Tó Mọ́

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn, tí inú sì ń bí mi sí,

N kò ní béèrè àlàáfíà yín lónìí. Ṣakabùlà yín ti bẹ́ mọ́ àbúrò mi Ọdẹ́wálé lọ́wọ́ níbi tó ti ń yìnbọn sí ọ̀yà ní oko kòkó. Ìka méjì ló bá a lọ.

Lẹ́yìn tí ẹ papò dà, irin ìbọn náà dípẹtà. Alágbẹ̀dẹ kan ní Ire ló fi irin tuntun sí i, irin náà sì fi bí ìbú ọwọ́ kan gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyẹn ò burú. Ọ̀pá tí ẹ fi ń ki ẹ̀tù àti ọta ni Ọdẹ́wálé kọ̀ tí kò pààrọ̀. Ọ̀pá Bàbá! Ta ló tó gé òmíràn? Bó bá ti tì í wọlé tí àmì tí ẹ fọ̀bẹ fá sí i lára kan ẹnu ìbọn, ó parí, ó gbà pé ọta ti jókòó lórí ẹ̀tù. Kò jókòó o! Àlàfo wà láàárín wọn, àlàfo yẹn ló fa irin ya.

Ẹ̀yin ni mo bá wí. Ẹ kọ́ ọmọkùnrin yín kó máa bọ̀wọ̀ fún àmì, ẹ ò kọ́ ọ nídìí àmì. Èmi lẹ kọ́. Ṣé ẹ rántí abẹ́ igi obì lẹ́yìnkùlé, tí ẹ ń jẹ orógbó? Ẹ ti ọ̀pá bọ inú ìbọn òfìfo títí ó fi kanlẹ̀, èmi fi èékánná mú ibi tó bá ẹnu ìbọn dọ́gba, ẹ sì fi díẹ̀ lé e kí ọwọ́ lè rí ibi dìmú. Lẹ́yìn náà lẹ ki ẹ̀tù àti ọta, ẹ wá fọ̀bẹ fá àmì síbi tí ọ̀pá ti kan ẹnu ìbọn. Inú ìbọn la fi ń wọn ọ̀pá. Ìgbà tí mo yọ ọmú tán, mo di obìnrin tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbọn. Kí lẹ wá kọ́ mi fún? Mo kìlọ̀ fún Ọdẹ́wálé, ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yín gan-an ló rín.

Èyí tó ká mi lára jù rèé: àwọn ẹbí yín ní ọwọ́ ayé ni. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Bọ́sẹ̀ ìyàwó Ọdẹ́wálé, tó ń fọ egbò fún un láràárọ̀, ni wọ́n pè ní àjẹ́. Wọ́n gbé e sórí ọ̀kadà lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ọ̀rà, tòun tọmọ lẹ́yìn, nínú òjò. Ọdẹ́wálé ò dá wọn dúró. Wọ́n gbé ọ̀pá yín kọ́ sára ògiri pálọ̀, wọ́n ń wá irin mìíràn tí wọn yóò tún fi ọ̀pá yẹn kì. Ẹ gbà mí o!

Láàárọ̀ yìí mo já a lára ògiri, mo ṣẹ́ ẹ lórí orúnkún mi, mo fi í dáná ògì. Gbogbo ilé ń pariwo pé ẹ ó bínú. Ó dáa, ẹ bínú, èmi ni mo ṣe é, kì í ṣe Bọ́sẹ̀.

Ọdẹ́wálé jáde wá síbi ààrò. Ó wo iná náà títí, ó wọ bàtà, ó gba ọ̀nà Ọ̀rà lọ.

Èmi náà ni, ọmọbìnrin yín tí kò yé fẹ́ràn yín.