Yàrá tí Mo Ṣe Lọ́ṣọ̀ọ́ tí Bàbá Rẹ Kò Wọ̀

Ifangni, ní ọjọ́ kejì ọjà Ìgolo

Séraphin ọmọ mi,

Ìjàkadì ń tẹ̀síwájú. Délégé tó ń ṣojú ìjọba ní àdúgbò wa ló ní gbogbo lẹ́tà tó bá jáde ní Ifangni báyìí gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ yìí nínú, mo sì kọ ọ́ sókè pátápátá kí àwọn ará pọ́ọ̀sì tètè rí i, kí wọ́n má baà máa tú ìwé mi wá a kiri. A ti kí ìjọba, ó ku kí n kí ọ. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé Scholastique, ọmọ tí o fẹ́ fẹ́, wà dáadáa, ṣé ó ń jẹun yó? Ẹni tó ń ṣọ́ ọ láàárín èrò Kútọnu kò ní sùn lọ. Àwa náà wà níbí, à ń mí. N kò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ni mo fẹ́ kọ, bí mo bá sì fi ẹnu dídùn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, irọ́ ni màá pa.

O rántí lẹ́tà tí o kọ sí wa nígbà ìkórè àgbàdo, tí o ní o kò lè mú Scholastique wá fojú kan bàbá rẹ nínú ilé tó rí bí abà, pé nílé tiwọn ní Àjàṣẹ́ aṣọ rídò wà lójú fèrèsé, òdòdó sì wà lórí tábìlì. O fi àwòrán pálọ̀ kan tí o gé nínú ìwé àwọn òyìnbó sínú rẹ̀ kí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Bàbá rẹ wo àwòrán náà títí, ó ní ilé náà dára, àmọ́ àánú àwọn tó ni ín ṣe òun, pé wọn kò rí owó kọ́ ilé ìdáná, inú pálọ̀ ni wọ́n ń dáná sí, nínú ihò ara ògiri. Èmi náà rí ihò yẹn. N kò bá ọ wí. Nígbà tí ikọ́ bàbá rẹ le, tí wọ́n dá a dúró sí lópítà ní Sákété, mo ní kí n fi àsìkò yẹn tún yàrá rẹ̀ ṣe, nítorí òun ló fẹ̀ jù nínú ilé, kí ìwọ náà lè rí ibi mú ìyàwó wọ̀, kí bàbá rẹ sì fojú rí i kó tó di pé kò rí nǹkan mọ́.

Má rò pé mo náwó. Ibi tí ọwọ́ bá lè dé, n kì í jẹ́ kí owó débẹ̀. Ògiri tó là ni mo kọ́kọ́ bò, mo fi ẹ̀kọ gbígbóná lẹ ìwé ìròyìn ìjọba mọ́ ọn láti ilẹ̀ dé òkè. Àwọn èèyàn ìjọba tí à ń pè ní kamaráàdì pọ̀ nínú rẹ̀, gbogbo wọn nawọ́ sókè, téèyàn bá jí láàárọ̀ àfi bíi pé wọ́n fẹ́ tọrọ nǹkan. Mo wá lọ sí Ìgolo níbi tí wọ́n ti ń tú báálì aṣọ àlòkù tí a ń pè ní òkú òyìnbó, mo dúró títí oòrùn fi lé àwọn olówó lọ, torí ìgbà tí ẹni tó ń tà bá ti ń ro bí òun yóò ṣe ru ẹrù padà sílé ni ọjà rẹ̀ ń walẹ̀. Mo rí aṣọ ibùsùn funfun rà, mo rí léèsì tí à ń pè ní dàńtẹ́lì tí eku jẹ létí, ibi tí eku jẹ náà ni mo fi abẹ́rẹ́ sọ di òdòdó. Mo ṣa bébà dídán inú páálí sìgá, mo gé e ní ìràwọ̀. Agolo tòmátì ni mo fi ṣe ìkòkò òdòdó, ìyẹ́ adìẹ tí mo fi osùn kùn sì ni òdòdó inú rẹ̀, kò ní rọ láéláé. Nínú àwòrán rẹ, àtùpà wọn dé fìlà. Mo ra fìlà ìyá àgbà òyìnbó kan, mo fi dé fìtílà wa, ó jó. Ó ní láti jẹ́ pé wọ́n máa ń rẹ tiwọn sómi kí wọ́n tó fi dé e. Mo tún gba tẹlifóònù kan tí kò lókùn ní èènì, mo gbé e sórí tábìlì, mo sì fi òwú di ẹnu rẹ̀, nítorí a kò mọ ẹni tó ń gbọ́ wa lọ́hùn-ún, ayé tí a wà yìí kì í ṣe ayé ẹnu lílà.

Ibi tí mo ti ṣìṣe rèé. Ní Ifangni yìí, a kì í fi aṣọ bo ògiri fún alààyè. Ìgbà tí a bá fẹ́ tẹ́ òkú àgbà ni a ń fi aṣọ funfun yí ibùsùn ká, tí a ń kó o jọ ní ìdì lókè orí, tí a ń fi ohun dídán sí i kí àwọn tó wá wò ó lè mọ̀ pé òkú ọlọ́mọ ni. Èmi ni wọ́n máa ń wá pè sí i, o mọ̀ pé ọwọ́ mi mọ́. Nígbà tí mo gun àpótí, tí mo gbé aṣọ náà sókè, àwòrán tìrẹ ni ojú mi ń wò, àmọ́ èyí tí ọwọ́ mi mọ̀ ni ọwọ́ mi ń ṣe. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo wò ó, inú mi dùn. N kò rí nǹkan kan.

Bàbá rẹ ló rí i. Òun àti Fáyọ̀kẹ́ àbúrò rẹ̀, tó lọ dúró tì í ní lópítà, sọ̀ nínú ọkọ̀ lọ́sàn-án, ó fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ó dúró. Ó bi mí pé ta ni mo so ó fún. Mo ní Séraphin ni. Ó ní Séraphin dà. Mo ní o wà ní Kútọnu. Ó ní ó dára, ẹni tó wà ní Kútọnu kọ́ ni yóò sùn síbẹ̀ lónìí, ẹni tó dé rèé. Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún mi. Ó yí padà, ó lọ sílé ìdáná, ó tẹ́ ẹní sáàárín àwọn ìkòkò epo, ibẹ̀ ló sì wà láti ìgbà náà. Èéfín ń kó sí i láyà, ikọ́ kò jẹ́ kó sùn, bí òjò bá rọ̀ ilẹ̀ á máa rin ín lẹ́yìn. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun kò bínú sí mi, iṣẹ́ náà dára, òun kàn fẹ́ kí wọ́n gbé òun wọ̀ ọ́ ni, òun kò ní fi ẹsẹ̀ ara òun wọ̀ ọ́.

Philomène aládùúgbò wa yọjú lójú fèrèsé láti wo rídò, ó rí ibùsùn, kò bèèrè, ó sáré lọ sílé lọ pààrọ̀ gèlè, ó padà wá dì mọ́ mi, ó ní ẹ kú ìrọ́jú, ó ní bàbá náà kò bá ẹnikẹ́ni jà láyé rẹ̀. Bàbá rẹ wúkọ́ nílé ìdáná. Philomène sá jáde, ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kan sì wà lọ́dọ̀ wa títí di òní. Lẹ́yìn rẹ̀ ni délégé dé, òun náà ti gbọ́, ó ní òun wá kìlọ̀ pé ìjọba kò fẹ́ ìnáwó òkú mọ́, kí a má pa màlúù o. Mo ní kò tíì kú. Ó ní kò burú, kí a fi ìkìlọ̀ náà pamọ́. Bàbá rẹ ránṣẹ́ láti ilé ìdáná pé kí wọ́n sọ fún délégé pé òun ṣì ń bá ara òun ṣe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà, bí òun bá fẹnu kò, òun yóò fi tó ìjọba létí. Kí délégé tó lọ, ó tú òwú ẹnu tẹlifóònù, ó gbé e sétí, ó ní kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, ó sì bá mi dì í padà.

Mo gbé àpótí láti lọ tú aṣọ náà. Fáyọ̀kẹ́ di ẹsẹ̀ mi mú, ó ní ṣé mo gbádùn, pé aṣọ tí a bá ti so báyìí kì í sọ̀ kalẹ̀ lófo. Mo ní òkú òyìnbó tí mo rà ní Ìgolo mà ni. Ó ní ìyẹn gan-an ló tún burú jù. Ó ní ohun kan ló kù tó lè yí yàrá náà padà, kí ìyàwó tuntun kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, kí a da omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí a ti ń ṣe, kó wọlé, kó jókòó sórí ibùsùn, nígbà náà yàrá ìyàwó ni, ẹlòmíràn kò ní í. A lọ sọ fún bàbá rẹ. Ó ní òun gbà, pé bí ọmọ náà bá ti wọ̀ ọ́, òun yóò tẹ̀lé e wọlé.

Nítorí náà, Séraphin, má dúró de àwọn òbí rẹ̀, wọ́n lè wá nígbà tí wọ́n bá ráyè. Ẹsẹ̀ Scholastique ni mo ń wá. Bá mi bẹ̀ ẹ́, sọ fún un pé a kò ní dá a dúró, àárọ̀ ni kó wá, ìrọ̀lẹ́ kó máa lọ. Owó tí o máa ń fi ránṣẹ́ ní pọ́ọ̀sì, má fi ránṣẹ́ lóṣù yìí, ẹ fi wọ ọkọ̀ ẹni méjì. Bí nǹkan bá ṣẹ́kù, ra ṣúgà díẹ̀ fún bàbá rẹ, àti ìṣó kéékèèké, torí ẹ̀gún ọsàn ni mo fi kan dàńtẹ́lì náà, igun kan ti ń já bọ́. Bí kò bá ṣẹ́kù, ẹ ṣáà wá.

Mo ti pọn omi náà sílẹ̀. Ó wà nínú ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, Fáyọ̀kẹ́ fi ewé bò ó, láràárọ̀ ni mo ń dà á nù tí mo ń pọn òmíràn. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń wò ó, kò sì sẹ́ni tó bi mí pé omi kí ni, torí wọ́n mọ̀ pé omi kan náà tí a fi ń fọ ẹsẹ̀ ìyàwó ni a fi ń wẹ àgbàlagbà fún ìgbà ìkẹyìn.

Kí ọ̀nà Kútọnu là fún ọ, kí ọkọ̀ tí ẹ ó wọ̀ má dákú lọ́nà, kí ẹni tí o mú bọ̀ má kọsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Kí ẹ dé, kí ẹ bá bàbá rẹ tó ń ráhùn. Kí o sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sáré wá dì ọ́ mú níta.

Èmi ìyá rẹ,
Àṣàbí