Abọ́ Sọ́jà Tó Ní Àbàjà

Ẹ kú ilé o, ìyá mi, ẹ kú ojú lọ́nà. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Mo kí Bàbá Kékeré tí wọ́n di ilé mú láti ìgbà tí bàbá wa ti kú. Mo kí Síkírá, àbúrò mi tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Síkírá, mo mọ̀ ọ́ bí ẹní mowó: má fo lọ sísàlẹ̀ o! Máa kà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí Ìyá sì jókòó dáadáa.

Ajégúnlẹ̀ ni mo ṣì wà. Òjò ọdún yìí ò mọ̀ pé èèyàn ń gbé ibẹ̀, bàtà mi ń lúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìgbò, Ùróbò, Ìjọ́, gbogbo wa là ń du ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo. Pijin la fi ń bú ara wa, òun náà la fi ń bẹ ara wa. Ṣùgbọ́n tí mo bá dé láti ibi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó máa kí mi kú àbọ̀. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Ọgbà àlòkù irin lẹ́bàá èbúté Àpápá ni mo ti ń ṣiṣẹ́, a ń ṣa irin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ọkọ̀ òkun tó kó o lọ. Látìgbà tí ogun abẹ́lé ti parí, irin ogun ló pọ̀ jù níbẹ̀: akoto irin, èèpo ọta, ìgò omi, idẹ bẹ́líìtì. Èyí tí mo bá rí orúkọ tàbí àmì lára rẹ̀, mo máa ń bẹ ọ̀gá wa kó fún mi. Ẹni tó ni ín ní ìyá, ìyá yẹn sì lè máa wá a.

Ẹ bínú nígbà tẹ́ ẹ gbọ́. Ẹ ránṣẹ́ pé kí n kó ẹrù òkú dànù. Ẹ dákun, ẹ foríjì mí, mi ò dà á nù. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi Lásísì ni. Látìgbà tó ti wọṣẹ́ sọ́jà tó lọ sógun, a ò gbọ́ pé ó kú, a ò gbọ́ pé ó yè. Bàbá Kékeré ní ó tó gẹ́ẹ́, ká pe àwọn àlùfáà, ká ṣe fìdáù rẹ̀ tí iṣu bá ti jáde. Ẹ ti ń gbà fún wọn. Ọkàn tèmi kọ̀ ọ́.

Àfi bí lọ́rì kan ṣe já abọ́ ìjẹun sọ́jà sílẹ̀ rẹpẹtẹ. Mo mú ọ̀kan, mo rí ìlà mẹ́ta tí wọ́n fi ìṣó họ sídìí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi Ùróbò tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní olúwa rẹ̀ ń ka ọjọ́ ni, bóyá wọ́n tì í mọ́lé. Mo ní ọjọ́ wo! Àbàjà rèé! Ẹni tí ò mọ̀wé ló ya ilà ojú ara rẹ̀ sí abọ́, kí wọ́n má baà jí i. Àbàjà mẹ́ta pọ̀ nílẹ̀ wa, ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Ìlà ìsàlẹ̀ ló mú mi jókòó sínú ẹrẹ̀: ó já lágbedeméjì. Ìyá mi, ta ló tún ní irú ẹ̀? Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé Lásísì ti léyín kí wọ́n tó bu àbàjà fún un, pé ó gé olóólà jẹ, olóólà ju abẹ sílẹ̀, ó ní òun ò ṣe mọ́. Ẹ máa ń rẹ́rìn-ín tẹ́ ẹ bá ń sọ ọ́. Ẹkún ni mo sun ní tèmi.

Mo bi awakọ̀. Ó ní àwọn abọ́ yẹn ò tojú ogun wá, pé ọsibítù kan tí wọ́n ti ń tọ́jú sọ́jà tó fara gbọgbẹ́, l'Ékòó níbí, ló tà wọ́n nígbà tí wọ́n ra tuntun. Orí mi wú. Ẹni tó jẹun ní ọsibítù ò kú sójú ogun! Mo gbàyè, mo gbé abọ́ lọ síbẹ̀. Màmá tó ń dáná fún wọn wo ìdí abọ́, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ ẹni tó ni ín. Ó ní wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, wọ́n kọ́ ọ ní àga pankẹ́rẹ́ híhun, ó sì ti lọ sí Múṣin. Ó ní tí wọ́n bá béèrè ìyá rẹ̀, á ní òun ò lè fẹsẹ̀ kan wọlé tọ obìnrin tó fi omijé bẹ òun pé kóun má lọ sógun. Láti ibẹ̀, Múṣin ni mo gbà lọ.

Mo ní kí ìwé ìròyìn tẹ lẹ́tà yìí jáde nítorí àwọn ẹrù yòókù tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ìyá tó bá ń wá ọmọ, kó wá wò wọ́n. Kó béèrè Músílíù onírin.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa, kí ojú yín má ríbi. Ẹ bá mi kí gbogbo agbolé. Ẹ sọ fún Bàbá Kékeré pé tí wọ́n bá ti pe àwọn àlùfáà, kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n wá, ká fi ṣe ìdúpẹ́.

Orúkọ mi nìkan kọ́ ló máa wà nísàlẹ̀. Ẹnì kan jókòó tì mí nínú yàrá yìí, ó ti gba bírò lọ́wọ́ mi. Kò tíì mọ̀wé. Síkírá, di ìka Ìyá mú, gbé e lé èyí tó kúrú.

Àwa ni ọmọ yín,
Músílíù àti

————
————
——