Orin Kejì Kò Ní Ihò

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Kò sí ohun tó ṣe fóònù. Etí mi ni ó ń kú lọ. Àná, ọjọ́ Ajé, ni wọ́n sọ ọ́ fún mi nílé ìwòsàn, nítorí náà, orin tí mo ní kí o fi sílẹ̀ nínú ìwé tí mo kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun gan-an ni kí o kọ.

Jẹ́ kí n kí ọ ná, kí o má baà sọ pé ìbẹ̀rù ti gba ẹ̀kọ́ ilé lọ́wọ́ bàbá rẹ. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ọ̀fun kò dùn ọ́? Ọlọ́run tó fi ohùn sí ọ lẹ́nu kò ní jẹ́ kó há níbi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀. Ilé dúró, òrùlé kò jò, irun orí mi nìkan ló ń dín kù.

Nígbà tí orin méjèèjì tí o fẹ́ mú lọ síbi ìdánwò ohùn fún eré olórin yẹn dé sínú fóònù mi, mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, mo gbé ayùn sílẹ̀, mo gbọ́ wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ti atukọ̀ tó ń dágbére fún ilé, wọ̀ mí létí ṣinṣin. Ìkejì, ti obìnrin tó dúró lójú fèrèsé, bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n bí ohùn rẹ ṣe ń gòkè ní ìparí, ó pòórá, bí ẹni tó ń gun àkàbà tí àkàbà tán mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Mo ní fóònù ni.

Nítorí pé ohùn òkè ni, mo rò ó pé òkè ló yẹ kí n ti gbọ́ ọ. Èmi àgbà ọdún méjìdínláàádọ́rin, mo gun orí páànù ṣọ́ọ̀bù. Alágbẹ̀dẹ tó kọjú sí wa pariwo bi mí pé kí ni mò ń sá fún, ṣé ejò ni àbí obìnrin. Ibi tí ohùn rẹ ti pòórá yẹn ṣì ṣófo bí ihò. Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí báǹkì, torí àwọn ló máa ń kó ọ̀rọ̀ sínú fóònù mi láàárọ̀ lálẹ́, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ wọn ti kún inú rẹ̀ débi pé ohùn rẹ kò rí àyè nàró. Mo fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá kó ẹrù wọn. Ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì fún mi ní fọ́ọ̀mù. Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tó sọnù, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìparí orin ọmọ mi ni. Ó kà á, ó wò mí, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ó ní kí n máa retí ìdáhùn láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Ọmọ náà níwà.

Ṣùgbọ́n mi ò ní sùúrù ọjọ́ mẹ́wàá. Lọ́jọ́rú ni mo kọ̀wé sí ọ pé ihò wà nínú orin kejì, pé ti atukọ̀ ni kí o mú lọ. Mo mọ̀ pé o máa ṣe bí mo ṣe wí. Láti ọmọ ọdún mẹ́fà tí mo ti gbé ọ dúró lórí àpótí láàárín ẹgbẹ́ akọrin mi, o kò kọ orin tí mo bá ní kí o má kọ rí. Ohun tí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni aránṣọ tó ń gbé yàrá iwájú, ọ̀rẹ́ ìyá rẹ, mú aṣọ iṣẹ́ mi tó bá mi lẹ̀ wá. Mo ní kó bá mi gbọ́ ibi tó dákẹ́ yẹn. Ó gbé fóònù sétí. Ó ṣe díẹ̀, mo rí i tó fọwọ́ bo ẹnu, omi ń dà lójú rẹ̀. Mo bi í pé ṣé òun náà rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ní Bàbá, ohùn ìyá rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ó ní bí ìyá rẹ ṣe máa ń gbé orin sókè nígbà tó bá ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, pé ó ṣe òun bíi kí òun yọjú wo ẹ̀yìnkùlé. Mo gba fóònù, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí ọ̀tún, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti òsì. Ọdún mẹ́rin rèé tí ìyá rẹ ti ṣaláìsí. Ó wà lọ́wọ́ mi níbẹ̀, èmi nìkan ni mi ò gbọ́ ọ.

Mo ti ń sọ ọ́ kiri pé àwọn ẹyẹ ti ṣí kúrò ládùúgbò yìí nítorí igi tí wọ́n ń gé. Aránṣọ ní wọn ò lọ síbì kankan, pé àwọn gan-an ló ń jí òun. Èyí tó burú jù ni ti àwọn obìnrin méjì tí mo lé kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin lọ́dún tó kọjá, tí mo ní ẹnu lásán ni wọ́n ń là bí ẹja. Mo lọ bẹ èyí tó ń ṣe búrẹ́dì. Ó ní ó ti pẹ́ tí gbogbo àwọn ti mọ̀, ta ló fẹ́ lọ sọ fún Ọ̀gá Olórin pé kò gbọ́ orin mọ́? Ó ní kí n jókòó, ó bu búrẹ́dì fún mi, ó ń sunkún, ó sì ń bú mi lọ pé òun ni mo pè ní ẹja.

Nílé ìwòsàn, wọ́n fi nǹkan bo etí mi méjèèjì, nọ́ọ̀sì sì fi bọ́tìnnì kan sí mi lọ́wọ́, ó ní bí mo bá ti gbọ́ ìró, kí n tẹ̀ ẹ́. Mo rò pé ìdánwò bíi tìrẹ ni, pé ẹni tó bá gba máàkì púpọ̀ ni wọ́n máa fi etí rẹ̀ sílẹ̀ fún. Èjìká nọ́ọ̀sì ni mò ń wò, bó bá ti mira, mo tẹ̀ ẹ́. Mo gba gbogbo rẹ̀. Ó ní Bàbá, ẹ̀ ń fọgbọ́n ṣe é o. Ó yí àga mi kọjú sí ògiri. Mo jókòó síbẹ̀, ọwọ́ lórí bọ́tìnnì, mò ń dúró de ìró títí. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ó ti ń ká okùn rẹ̀. Ó ní ó ti parí. Ó ní àwọn ohùn òkè ti lọ, wọn kò sì ní padà wá.

Èmi àti aránṣọ pè ọ́, ṣùgbọ́n o ti pa fóònù rẹ, bí o ṣe sọ pé o máa jẹ́ kí ohùn rẹ sinmi títí di Ọjọ́bọ̀ tí ìdánwò yóò wáyé. Mo wá wo ẹ̀dà fọ́ọ̀mù ìdánwò náà tí o fi ránṣẹ́. Wọ́n béèrè bí o ṣe ga tó. Ọkàn mi gbọgbẹ́ díẹ̀, torí lẹ́nu iṣẹ́ káfíńtà, ẹni tó ti kú nìkan ni mo máa ń wọn gíga rẹ̀. Wọ́n tún ní ìṣẹ́jú kan péré lẹnì kọ̀ọ̀kan máa fi kọrin, bóyá nítorí owó iná. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé orúkọ orin gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tẹ dùùrù kó tó di aago mẹ́rin ọ̀sán òní, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àti pé lẹ́yìn náà, kò sí ìpààrọ̀. Aránṣọ pe nọ́ńbà wọn. Akọ̀wé kan gbé e.

Bí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, bá mi dá sí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ etí. Nọ́ọ̀sì ní yóò ràn mí lọ́wọ́ láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, kò ní ràn mí lọ́wọ́ nípa orin. Ṣùgbọ́n bí bàtà tí o máa wọ̀ lọ́jọ́bọ̀ bá ti là, bàtà ni kí o kọ́kọ́ rà.

Kí ohùn rẹ dé ibi tí ẹsẹ̀ mi kò dé. Kí àwọn tó jókòó láti gbọ́ ọ jẹ́ ẹni tó ní etí. Kí àṣìṣe mi má ṣe di ẹrù sí ọ lórí. Àmín.

Èmi bàbá rẹ ni.

Aago méjì ti fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Akọ̀wé náà ní òun ń lọ wo ìwé tó wà níwájú dùùrù, òun yóò sì pè padà sọ èwo nínú orin méjèèjì ni wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ. Aránṣọ ti pa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó gbé fóònù sórí itan. Mo ti bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó ti dún. Ó ní kò tíì dún.