Ẹ̀jẹ̀ Àbíkẹ́yìn Wa

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ara wa le níbí. Iṣẹ́ abẹ Màmá yọrí sí rere. Wọ́n ti ń bá nọ́ọ̀sì fa ọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ tí kò níyọ̀, ẹ mọ̀ pé ara ti yá nìyẹn.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Àbíkẹ́yìn wa fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún Màmá, torí káàdì irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sọ pé O ni, bíi ti Màmá. Èmi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò níbi iṣẹ́ wa, ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Mo kán omi àyẹ̀wò sí ẹ̀jẹ̀ náà lórí gíláàsì, mo rọra mì í. Ẹ̀jẹ̀ O ni kì í ṣù pọ̀ rárá.

Ọ̀gá mi ní, "Kò ṣù pọ̀. Kọ O sílẹ̀."

Ọkàn mi kò gbà. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n fi maikirosíkóòpù wò ó."

Ibẹ̀ ni mo ti rí i tó ṣù pọ̀ wínníwínní, bí iyanrìn kíkúnná. Ẹ̀jẹ̀ A ni, irú èyí tí kì í ṣù dáadáa. Ká ní a fà á sí Màmá lára ni, bóyá ọ̀rọ̀ mìíràn ni ǹ bá máa kọ sí yín. Ọkọ mi ló padà fún wọn ní tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ṣé mo fẹ́ fà á gbẹ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi, ibi tí àbíkẹ́yìn wa ti gba káàdì rẹ̀ lẹ̀yin náà ti gba tiyín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un yẹ̀ wò kí ẹ tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fẹ́nikẹ́ni.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ àtàbọ̀ yín. Ẹ fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́, kí n lè sùn dáadáa.

Èmi àbúrò yín obìnrin.