Páálí Tí Mo Dá Padà

Ojúlé Kọkànlá,
Àdúgbò Hwolshe,
Jos, Ìpínlẹ̀ Plateau.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kọkànlá, 2025.

Jíbọ́lá, Ìyá Fatimah, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Ṣé dáadáa ni o wà? Hámzàt ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Fatimah ńkọ́, ṣé ó ti ń kàwé láìjẹ́ pé ẹ lé e káàkiri ilé? Ìyá wa ní Òṣogbo ńkọ́, ṣé ara wọn le? Níbí, òtútù ti dé. Aṣọ méjì ni mo wọ̀ lé ara wọn bí mo ṣe jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi tí mo ń kọ̀wé yìí.

Mo mọ̀ pé yóò yà ọ́ lẹ́nu pé mo kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá láti sọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo béèrè bí ọjà ṣe ń lọ, tí mo sì dágbére. Ojú ló ń tì mí. Awakọ̀ tó gbé lẹ́tà yìí fún ọ ti gbé páálí núdùsì oṣù yìí fún ọ pẹ̀lú, bí o ṣe dì í gan-an. Jọ̀wọ́, má tíì bínú. Kà á dé ìparí ná.

N kò gbàgbé bí páálí wọ̀nyí ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Gideon ọkọ mi ní ọdún méjì sẹ́yìn, ìwọ lo kó ọjà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ, tí o di núdùsì, bísíkíìtì àti ẹran inú agolo ránṣẹ́ sí wa lóṣooṣù. O kò bi wá léèrè ohunkóhun. Ẹni tó mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá. N kò ní yéé dúpẹ́ oore yẹn. Gideon ti rí iṣẹ́ olùkọ́ ní Lamingo, síbẹ̀ o kò dáwọ́ dúró, èmi náà kò sì sọ pé ó tó. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó rọ̀ mí lọ́rùn. Nígbà tí aṣọ oníbàárà bá kún iwájú aránṣọ, ta ni yóò máa ṣa ẹ̀wà? Núdùsì láàárọ̀, núdùsì lálẹ́, bísíkíìtì àti ẹlẹ́rìndòdò láàárín wọn. Jóṣúà ń jẹ, ó ń yó, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé mo ń tọ́ ọmọ.

Ní ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kẹsàn-án, iléèwé rẹ̀ pè mí pé ó ṣubú lulẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tò láàárọ̀. Nígbà tí a gbé e dé ọsibítù, dókítà obìnrin kan fa ìpéǹpéjú rẹ̀ ìsàlẹ̀ wálẹ̀, ó ní kí n wò ó. Ó funfun, Jíbọ́lá, ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ibà ni, kì í ṣe ibà. Ẹ̀jẹ̀ Gideon ni wọ́n fà sí i lára lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù bà mí bí kò ṣe bà mí rí láyé. Dókítà bi mí ní ohun tí ọmọ ń jẹ, mo fi ẹnu ara mi kà á fún un. Kò jágbe mọ́ mi. Ó kàn ní ọmọ náà ń yó ni, kò jẹun.

Látìgbà náà ni a ti yí oúnjẹ ilé wa padà. Veronica tó ń gbé ní ojúlé kejì sí wa, ọmọ Berom, tí ọkọ rẹ̀ ń dáko ní Zawan, ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń se gwote. Acha ni wọ́n fi ń sè é, ọkà wẹ́wẹ́ ilẹ̀ ìhín, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti irú. Ó dúró tì mí nídìí ààrò títí tí ọwọ́ mi fi mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Jóṣúà fi kọ oúnjẹ náà. Yorùbá rẹ̀ kò gba ìbínú rẹ̀ tán, Hausa ló fi ń sọ fún mi pé, “Ba na so, Mama,” pé òun kò fẹ́. Gideon tí a jọ ṣe ìpinnu ni mo ká mọ́ ẹ̀yìn ilé, tó ń yọ bísíkíìtì fún un látinú àpò ṣòkòtò. Mo bá bàbá àtọmọ wí papọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ebi bá mi bẹ̀ ẹ́, ó jẹun. Nísinsìnyí ẹ̀wà, ẹyin àti ẹ̀fọ́ kò ṣàjèjì sí i mọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti ń pọ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n páálí rẹ ń dé. N kò lè sọ fún ọ, n kò sì lè da oúnjẹ nù. Ni mo bá ń gbé e fún Veronica. Ó gbà á tayọ̀tayọ̀, ó dúpẹ́, mo sì ń gba ọpẹ́ náà bí olóore.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, Jóṣúà níbi tí wọ́n ti ń ṣeré sọ fún ọmọbìnrin Veronica pé òun kì í jẹ núdùsì mọ́, pé dókítà ní kò dáa fún ẹ̀jẹ̀ òun. Kò pẹ́ tí Veronica fi dé. Ó gbé èyí tó kù nínú páálí sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ̀, kò jókòó. Ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ lọ sókè. Ó ní, “Mama Joshua, abin da bai yi wa ɗanki kyau ba, shi ne zai yi wa nawa kyau?” Ó ń bi mí bóyá ohun tí kò dára fún ọmọ mi ló máa dára fún ọmọ tòun. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn. Tèmi kọjá pé mo dákẹ́. Èmi ni mo ń fún un ní kòkòrò náà jẹ.

Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, a jọ gbé ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ dókítà. Inú ìpéǹpéjú tirẹ̀ náà ti ń funfun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì tó ti Jóṣúà. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n sì ní kó lọ máa jẹ irú oúnjẹ kan náà tí ìyá rẹ̀ kọ́ mi. Veronica ti ń dáhùn ìkíni mi báyìí, ṣùgbọ́n kò tíì wọlé jókòó. N kò dá a lẹ́bi.

Gideon ní kí n kí ọ, Jóṣúà náà kí Fatimah. Bá mi kí Hámzàt àti Ìyá wa.

Jíbọ́lá, mo mọ̀ ọ́. Ohun tí o ń fi ránṣẹ́ sí wa, ohun tí Fatimah ń jẹ náà ni. Ìwọ kì í fún ẹnìkejì ní ohun tí o kò lè fún ọmọ rẹ. Èmi ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi ń bà mí. Kí o tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, pe Fatimah síta síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, fa ìpéǹpéjú rẹ̀ ìsàlẹ̀ wálẹ̀, kí o wò ó. Bí ó bá pupa, kọ̀wé kí o bú mi bó ṣe wù ọ́. Bí ó bá funfun, má dúró kọ èsì kankan. Gbé e lọ sí ọsibítù.

Tìrẹ ni mo jẹ́ síbẹ̀,

Ayọ̀kúnnúmi, Ìyá Jóṣúà.