Ẹ Má Da Ẹja Délé Sínú Odò Wa

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú iná, ẹ kú èéfín ẹja. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìsọlọ̀ níbí, bí orúnkún tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ṣe lè kúnlẹ̀ mọ. Mo kí àwọn àǹtí tí ẹ jọ ń yan ẹja, mo kí àwọn bọ̀dá tó ń wa ọkọ̀ ojú omi, mo kí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí kò tíì mọ̀ mí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí lẹ́tà yìí fi wà ní gbangba. Èyí tí mo kọ kẹ́yìn, Délé ọmọ yín ló kà á fún yín. Ẹ wá ránṣẹ́ sí mi pé ẹ dúpẹ́ àdúrà tí mo gbà. Ìyá mi, mi ò gbàdúrà kankan nínú lẹ́tà yẹn. Ìjà ni mo kọ. Àbúrò mi rí ìjà, ó kà á ní àdúrà. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí wọ́n tẹ èyí jáde nínú ìwé ìròyìn, kí ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀wé létí omi lè kà á fún yín láì bu omi là á.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níbí. Tó bá ti rọ̀ ní Òṣòdì, títì a di odò, àwọn tó ń ta bàtà a gbé ọjà wọn lé orí bí ẹni tó ń sá fún ogun. Mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ mélòó kan ní lẹ́sìnnì nínú pálọ̀ mi lọ́sàn-án, kí n má baà máa bá ògiri sọ̀rọ̀. Owó ìfẹ̀yìntì ń wọlé nígbà tó bá wù ú. Ẹ má dààmú nípa ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ẹja ló wà nílẹ̀. Mo gbọ́ pé ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Délé ń kó kánópì, makirofóònù àti ọ̀pọ̀ ike ọmọ ẹja àrọ̀ bọ̀ wálé, àti pé ẹ̀yin ni wọ́n fẹ́ kí ẹ da abọ́ àkọ́kọ́ sínú odò wa. Ẹ̀yin ni ìyá ẹgbẹ́ àwọn tó ń yan ẹja. Bí ẹ bá ti da tiyín, kò sí ẹni tó máa lè sọ pé òun ò dà. Ìyá mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má dà á.

Mo mọ̀ pé ọmọ yín ti di ńlá. Ààrẹ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Ìsọlọ̀ ni. Ẹnjiníà ni, Olóyè ni, láti ọdún tó kọjá ó tún ti di Ọ̀mọ̀wé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi tí mo kọ́ ọ ní ABD lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò yín, mo mọ ibi tó kàwé dé. Bó bá fẹ́ kí wọ́n bu omi fún òun mu, á kọ́kọ́ wúkọ́, á mẹ́nu ba ìdàgbàsókè.

Ẹ ó rántí Rábíátù, ọmọ tí mo kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì, tí ìyá rẹ̀ ń ta ánkárá ní ọjà Aswani. Òun ló wá sọ́dọ̀ yín nígbà ẹ̀rùn, tó ń gé bíńtín lára lẹbẹ ẹja, tó sì ń dá ẹja náà padà sómi, tí ẹ fi ń bi mí pé ṣé orí rẹ̀ pé. Orí rẹ̀ pé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wo ohun tí ẹja jogún lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá rẹ̀, ohun tó wà nínú ẹran ara tí ojú lásán ò rí. Òun ló fi ń mọ ẹja tó jẹ́ ẹbí ara wọn àti èyí tó jẹ́ àjèjì, odò tí a lè pẹja púpọ̀ nínú rẹ̀ àti èyí tó yẹ ká rọra ṣe.

Ohun tó rí nínú odò wa ni pé àwọn àrọ̀ ibẹ̀ ní ìran tiwọn. Wọn kì í ṣe ìran kan náà pẹ̀lú ti odò kejì, bí ojú wọn tilẹ̀ jọra. Wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀. Omi iyọ̀ tó ń gòkè láti òkun nígbà ẹ̀rùn ò pa wọ́n, ẹrẹ̀ tó ń gbẹ ò pa wọ́n. Rábíátù rò pé ara ogún wọn nìyẹn.

Ẹja tí Délé ń sìn nínú táǹkì fún títà ńkọ́? Ìyá díẹ̀, bàbá díẹ̀ ló bí gbogbo wọn. Àwọn bàbá náà kì í tilẹ̀ ṣe àrọ̀ pọ́ńbélé. Ìbátan àrọ̀ tó tóbi jù ú lọ ni wọ́n mú wá, kí ọmọ lè tètè sanra. Inú kọnkéré ni wọ́n bí wọn sí, oúnjẹ inú àpò ni wọ́n ń jẹ. Bí wọ́n bá wọ odò wa, wọn á fẹ́ tiwa, wọn á bímọ. Rábíátù ní òun ò ní búra pé ẹja máa tán lọ́dún kan. Ó ní bí ogún tiwa bá ṣe ń dà pọ̀ mọ́ ti àjèjì, a lè rí ẹja ọlọ́ràá kó nígbà tí omi bá dára, kí a sì wá ẹja tì nígbà tí omi bá burú. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé kò sí àwọ̀n tó lè ṣa ẹ̀jẹ̀ ẹja kan kúrò nínú ti èkejì.

Ìyá mi, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá wí báyìí, mo sì tọrọ gáfárà. Nígbà tí bàbá àwọn ọmọ mi wá tọrọ mi, ẹ rán èèyàn lọ sí Ìlarò lọ wádìí ìdílé rẹ̀. Ẹ wádìí bóyá wọ́n ń ya wèrè, bóyá wọ́n ń kú ikú ọ̀dọ́, bóyá olè wà níbẹ̀. Ẹ wádìí dé orí ìyá ìyá rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n darúgbó sílé kí ẹ tó ní ó dára. Ṣé ẹ̀yin kan náà lẹ fẹ́ fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ àti aya tí ẹ ò mọ ilé wọn fún ẹja tó tọ́ wa dàgbà, nítorí pé Délé ní kí ẹ wọ léèsì wá?

Mo mú Rábíátù lọ sípàdé ẹgbẹ́ nílé Délé ní Ire-Akari, kó wá ṣàlàyé. Délé jẹ́ kó sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi gbé mínírà dé. Ó wá bi í pé ṣé ẹja náà ti lọ gba NIN ni, tó fi mọ ìlú tó ti wá. Ilé bú sẹ́rìn-ín. Rábíátù dá a lóhùn pé inú ara ẹja ni tiẹ̀ wà, kò sì tò sórí ìlà kó tó rí i gbà. Àwọn kan tún rẹ́rìn-ín, ìyẹn ò sì dùn mọ́ Ààrẹ nínú. Ó ní àrọ̀ ni àrọ̀ ń jẹ́, ta ló ń bi í ní oríkì orílẹ̀ nínú ọbẹ̀. Ó ní kí ọmọbìnrin náà lọ wá ọkọ, kó fi ẹja sílẹ̀. Ó yíjú sí mi, ó ní owú ló ń jẹ mí, pé ṣọ́ọ̀kì ni mo fi ṣayé, òun sì ti fi ẹja kọ́lé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Lọ́jọ́ kejì wọ́n yọ mí kúrò lórí Wasáàpù ẹgbẹ́. Láti ìgbà náà, kò sí ọmọ ìlú kan tó kan ilẹ̀kùn mi. Àwọn tí mo bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì ń tẹjú mọ́ ìwé orin bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

Ìyàwó Délé ló wá la ọ̀rọ̀ náà yé mi nígbà tí a pàdé ní Bọ́ládé. Ó rò pé ìráhùn lásán ni òun ń ṣe. Ó ní oúnjẹ ẹja ti wọ́n débi pé ọkọ òun ò lè bọ́ wọn mọ́, pé ẹja náà ò dàgbà tó èyí tí àwọn onípẹpẹ-súùpù lè rà, àti pé ọpẹ́lọpẹ́ àwọn ará ilé tó ní àwọn máa gbà wọ́n sínú odò. Ṣé ẹ gbọ́, Ìyá mi? Ẹ̀yin ń retí ẹ̀bùn. Ẹja tí Délé ò rí tà, tí kò rí bọ́, ló ń bọ̀.

Mi ò ní kí a má kún odò. Rábíátù ní bí a bá fẹ́ kún un, inú odò wa gan-an ni kí a ti mú ìyá àti bàbá, kí wọ́n pọ̀ dáadáa, kí a sì dá àwọ̀n dúró nígbà tí àwọn abo bá ní ẹyin nínú. Ìyẹn ò ní kánópì nínú. Bóyá ìdí nìyẹn tí Délé ò fi fẹ́ ẹ.

Bí ẹ bá kọ abọ́ náà níwájú àlejò, ojú máa ti ọmọ yín ọkùnrin. Kó tì í. Ìtìjú a máa gbẹ lára èèyàn. Èmi náà ń bọ̀ ní Sátidé yẹn, wọn ò pè mí, n óò wá. N óò jókòó tì yín. Bí wọ́n bá gbé abọ́ lé yín lọ́wọ́ tí ẹ sì dìde, n óò di ọwọ́ yín mú níṣojú gbogbo ìlú, èmi ọmọ tí ẹ bí. Ẹ lè gbá mi létí. Orí iyẹ̀pẹ̀ ni abọ́ náà máa dà sí.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Iná ààrò yín ò ní kú, omi ò ní gbé ọkọ̀ wa lọ. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà, ẹ kí àwọn ará ọ̀tún, ẹ kí àwọn ará òsì. Mi ò kí Délé.

Ọmọ yín,
Fọlákẹ́