Ògiri Yàrá Ìyá Mi Wọ Aṣọ Òkè

Ojúlé Kẹrìnlá,
Ẹ̀yìn Ọjà Takie,
Ògbómọ̀ṣọ́,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Marufat mi àtàtà, Ìyá Mubaraq,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá Mubaraq ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n lọ́jọ́sí ti fúyẹ́? Mubaraq ńkọ́, ṣé èsì ìdánwò tó gba oorun lójú rẹ ti jáde? Ẹ kú òjò o, ẹ kú ọ̀gbàrà, ẹ kú àìrínra láti ìgbà Iléyá. Àwa náà wà níbí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo mọ̀ pé o ti máa sọ kiri Ọ̀yọ́ pé Yẹ́misí ti gbàgbé rẹ. N kò gbàgbé rẹ o. Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni kò jẹ́ kí n gbádùn láti bí oṣù mẹ́fà, o sì mọ̀, nítorí ìwọ lo gbé wọn nílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣubú.

Ó máa yà ọ́ lẹ́nu pé mo jókòó kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Màmá ló ní kí n kọ ọ́. Wọ́n ní ohun tó wà nínú àpòòwé yìí kò yẹ kó wọlé tọ̀ ọ́ láìní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Má tíì tú aṣọ kékeré tí mo fi òwú rán pa yẹn o! Ka lẹ́tà tán ná. Mo mọ̀ ọ́, ojú ti ń kán ọ.

Nígbà tí a mú Màmá wá láti Ọ̀yọ́ ní oṣù Kẹta, báàgì kan ṣoṣo ni wọ́n gbà láti mú dání. Àpótí aṣọ wọn, wọ́n tì í pa, wọ́n fi í sílẹ̀ ní yàrá wọn lọ́hùn-ún, wọ́n sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ etí ìró. Mo bẹ̀ wọ́n pé ká gbé àpótí náà dání. Wọ́n ní àlejò kì í gbé àpótí rìn. Ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé lójú wọn, ṣe ni wọ́n wá kí mi. Bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí wọ́n fẹ́ padà lọ bá nínú ilé yẹn láti ìgbà tí Bàbá ti kú lọ́dún tó kọjá, ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ti ṣubú sì ń yọ̀ bí ilá títí di òní. Dókítà ní bí wọ́n bá tún ṣubú bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, eegun ìbàdí ni yóò dá.

Ṣùgbọ́n gbogbo òwúrọ̀ tí Ọlọ́run dá ni wọ́n ń bi mí pé ọjọ́ wo la máa mú wọn lọ sílé. Àjò kì í dùn títí kí onílé má relé, òun ni wọ́n fi ń jẹ́ ẹ kú àárọ̀ tí mo bá kí wọn. Oúnjẹ kò wọlé. Ìyá tó ta aṣọ ní ọjà Àkẹ̀sán fún ogójì ọdún, tí ẹnu wọn kì í sinmi, wá ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí mọ́tò. Ẹ̀rù bà mí, Marufat. Bí wọ́n bá padà lọ dá gbé, ìṣubú kejì á pa wọ́n. Bí wọ́n bá sì dúró báyìí, ìbànújẹ́ ni wọ́n máa fi kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Kí n má parọ́, yàrá tí mo fún wọn náà kò wu ojú. Ògiri funfun báláú, bẹ́ẹ̀dì kan, àga kan, àti ẹrù kọ́tìnnì tí n kò rí tà ní ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kan mo ń wo fóònù mi, ni mo bá rí àwòrán yàrá àwọn kan tí kò sí ibi tí àwọ̀ kò dé níbẹ̀. Òdòdó lára ògiri, òdòdó lára àjà, kápẹ́ẹ̀tì náà ní tirẹ̀, wọn kò sì bìkítà bóyá ó bára mu. Orí mi wú! Ìwọ ṣáà mọ̀ mí. Èmi tí mo kun àpótí ilé ìwé mi ní pupa, tí ọ̀gá wa fi ní kí n mú kànrìnkàn kí n bó o kúrò lójú gbogbo ènìyàn. Mo ní, ìyá tó fi aṣọ aláwọ̀ tọ́ mi dàgbà ni mo wá tì mọ́ inú funfun yìí? Kò ní ṣeé ṣe.

Mo ránṣẹ́ pe Ismaheel tó kun ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ní kí ògiri kan jẹ́ àwọ̀ aró tó ki, kí ìkejì pupa bí osùn, kí méjì tó kù rí bí ewé ẹ̀fọ́, kí àjà sì jẹ́ àwọ̀ ìyeyè. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ó ní, "Màdáàmù, ṣé jẹ́lé-ó-sinmi la fẹ́ ṣí ni?" Mo ní kó kun ún, kó yé wò mí lójú. Ọkọ mi Ọládépò náà yọjú, ó wo àjà títí, ó ní bí òun bá sùn níbẹ̀ fún wákàtí kan, àlá ìbẹ́pẹ lòun á máa lá. Ta ló tiẹ̀ pè é wá sùn?

Mo lọ sí Sábó, mo ra tìmùtìmù awọ pupa méjì lọ́wọ́ Alájì kan tó ń ta ohun èlò awọ, àti ẹní aláràbarà tó bo ilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Mo ra bẹ́ẹ̀dì onírin aláwọ̀ góòlù, mo gbé e sí àárín yàrá gbùngbùn, kí ojú lè kọ́kọ́ bọ́ sí i. Mo tẹ́ àrán lé e. Mo wá ṣí àpótí tèmi: ẹtù tí Màmá rà fún ìgbéyàwó mi, àlàárì mi, gbogbo aṣọ òkè tó ti ń sùn níbẹ̀ láti ọdún méjìdínlógún. Mo fi ìṣó kàn wọ́n mọ́ ògiri yí bẹ́ẹ̀dì ká. Nígbà tí mo parí, èmi nìkan ń jó nínú yàrá.

Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni Màmá fi sùn ní yàrá àwọn ọmọ. Wọ́n ń gbọ́ òòlù, wọn kò béèrè nǹkan kan. Àṣé wọ́n rò pé ẹrù wọn là ń dì! Sátidé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn tí mo lọ pè wọ́n kí wọ́n wá wò ó, báàgì wọn wà lórí itan wọn, wọ́n ti wé gèlè. Wọ́n ní ṣé mọ́tò ti dé. Mo ṣáà rò ó pé bí wọ́n bá rí yàrá, wọ́n á gbàgbé mọ́tò. Mo fà wọ́n lọ́wọ́.

Wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n dúró. Wọ́n wo aṣọ òkè lára ògiri, wọ́n wo bẹ́ẹ̀dì góòlù láàárín, wọ́n sì di ara ilẹ̀kùn mú. Wọ́n wá fi oríkì pè mí, ohùn wọn rọlẹ̀.

"Àmọ̀kẹ́, ta ló kú?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú o, yàrá yín ni. Wọ́n ní, "Ó dáa. Èmi lẹ tẹ́ sílẹ̀ nígbà náà." Wọ́n yí padà, wọ́n lọ jókòó ní ọ̀ọ̀dẹ̀ pẹ̀lú báàgì wọn.

Marufat, ìgbà yẹn lojú mi tó là. Ìwọ lo jókòó ti Màmá lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ́ òkú Bàbá sílẹ̀. Ìwọ lo rí bí àwọn ẹbí ṣe fi aṣọ òkè bo ògiri láti òkè délẹ̀, tí wọ́n gbé Bàbá sórí bẹ́ẹ̀dì olówó ńlá láàárín. Èmi ń sáré ìdáná kiri ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo wọlé, omi kún ojú mi, n kò rí ju àtẹ́lẹsẹ̀ Bàbá lọ. Èmi ọlọ́gbọ́n wá fi ọwọ́ ara mi ṣe yàrá ìtẹ́-òkú fún ìyá mi tó wà láàyè! Mo sunkún débi pé Ọládépò kò rí àyè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ṣáà ń sọ pé àṣìṣe ni, Màmá á gbọ́. Màmá kò jẹun lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó di Sọ́ńdè, kí a tó múra ìsìn, mo gbé àga wọ inú yàrá náà. Mo ní kí n tú gbogbo rẹ̀ kúrò, kí Ismaheel wá dá funfun rẹ̀ padà, kí n sì wá mọ́tò fún Màmá bí wọ́n ṣe ń fẹ́. Mo ti fa ìṣó àkọ́kọ́ yọ nígbà tí mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi.

"Ìṣó! Ìwọ ọmọ yìí, ìṣó lo fi kan ẹtù?"

Màmá ni. Ìbínú ti gbé wọn kọjá ẹnu ọ̀nà, wọn kò tiẹ̀ mọ̀ pé àwọn ti wọlé. Wọ́n ní ṣé bí àwọn ṣe kọ́ mi nìyẹn, kí àwọn ta aṣọ fún ogójì ọdún kí ọmọ àwọn wá máa lu ẹtù bí asẹ́. Wọ́n gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi àtàǹpàkò ra ojú ihò rẹ̀ títí òwú fi súnmọ́ra. Wọ́n gbé e símú. Wọ́n dárúkọ ẹni tó hun ún, wọ́n tún dárúkọ ìyàwó rẹ̀. Láti oṣù mẹ́fà, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn. Èébú gidi ni, inú mi sì ń dùn.

Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n máà bínú, mo ti ń tú u. Wọ́n jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n wá ní lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ́ Bàbá sílẹ̀, ohun tó dun àwọn jù ni sányán Bàbá tí wọ́n gbé kọ́ sókè orí Bàbá. O mọ sányán yẹn, èyí tí Bàbá ń wọ̀ lọ́dọọdún títí a fi ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Màmá ní àwọn ń wò ó níbẹ̀, ó wà nítòsí ọwọ́ Bàbá báyìí, Bàbá kò sì lè dìde mú un wọ̀. Wọ́n fi etí ìró nu ojú. Èmi náà ń nu tèmi.

Ni wọ́n bá dìde. Wọ́n na ọwọ́ sí àlàárì mi lára ògiri, wọ́n yọ ọ́ jẹ́jẹ́, wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n dúró síwájú díńgí, wọ́n fi wé gèlè. Wọ́n ní, "Òkú kì í dìde mú aṣọ ara ògiri wọ̀. Èmi mú un wọ̀. Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì." Ó kù díẹ̀ kí n pariwo! Bí a ṣe wọlé ìjọ Onítẹ̀bọmi wa lọ́jọ́ náà, gbogbo àwọn ìyá ló ń yíjú wò wọ́n, Màmá náà sì ń rọra rìn kí wọ́n lè rí gèlè náà dáadáa.

Nígbà tí a dé, wọ́n ní ẹni tó máa jí láàárọ̀ kì í sùn sí àárín yàrá, ká ti bẹ́ẹ̀dì sí ẹ̀bá fèrèsé. Ọládépò tì í, ó ń mí hẹlẹ. Wọ́n ní kí Ismaheel wá fi ọ̀pá kọ́tìnnì sára ògiri, kí aṣọ lè máa wà lórí rẹ̀ láìsí ìṣó. Wọ́n tún ní ògiri pupa yẹn kò tíì pupa tó. Ismaheel wò mí, mo wò ó, ó lọ po ọ̀dà. Àwo tánganran olódòdó mi ti wà lára ògiri báyìí, àti fọ́tò Bàbá, àti kàlẹ́ńdà ìjọ mẹ́ta tí ọdún méjì nínú wọn ti kọjá. Mo ní kí n yọ àwọn tó ti kọjá, wọ́n ní ṣé àwòrán ara wọn ló ti kọjá ni? Àwọn aládùúgbò ń yà wá wo yàrá. Màmá ti ń tẹ̀ lé mi dé ṣọ́ọ̀bù pàápàá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n sọ fún oníbàárà mi kan pé kọ́tìnnì tó mú lọ́wọ́ rí bí omi ìfọṣọ. Obìnrin náà kọ́kọ́ bínú, ó padà ra pupa.

N kò ní purọ́ fún ọ pé gbogbo rẹ̀ ti tán. Nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ Fúráídè, wọ́n bi mí bóyá ilé Ọ̀yọ́ ń jò, ọkàn wọn sì lọ jìnnà. Ṣùgbọ́n wọ́n jẹ iyán wọn tán, wọn kò sì béèrè mọ́tò.

Àná ni wọ́n wá tú etí ìró wọn. Ó yá, tú aṣọ kékeré yẹn wò. Kọ́kọ́rọ́ àpótí wọn ni. Wọ́n ní aṣọ mi kò pọ̀ tó ti ẹni tó ń wọ ògiri mẹ́rin láṣọ, kí o bá àwọn kó tàwọn wá. Sányán Bàbá ni kí o kọ́kọ́ mú jáde, kí o nà án sí ibòòji kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, kì í ṣe oòrùn o! Má fi àpótí náà rán awakọ̀ kankan. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o gbé e wá, tìmùtìmù kan ti ń dúró dè ọ́. Kọ́kọ́rọ́ ilé ní tirẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. Jọ̀wọ́, máa bá wa gbá iwájú rẹ̀, ilé Bàbá ni.

Bá mi kí Bàbá Mubaraq àti Mubaraq. Bá mi kí Raliat àbúrò rẹ, sọ fún un pé mo gbọ́ pé ó ní ìkọ̀wé mi rí bí ẹsẹ̀ adìẹ. Ọládépò kí ọ. Màmá ní kí o má pẹ́.

Wọ́n ti yan ibi tí sányán yẹn máa wà, ẹ̀bá fèrèsé, níbi tí ọwọ́ wọn ti lè tó o láti orí bẹ́ẹ̀dì. Nítorí náà, bí o bá tún padà wá kí wa ní Sọ́ńdè kan, tí o wọ yàrá, tí o rí àlàfo lára ògiri, má já láyà. Màmá ti wọ̀ ọ́ jáde.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kò gbọ́n tó ìyá rẹ̀,

Olúyẹ́misí Àmọ̀kẹ́